Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Tí Kò Sí

Ṣómólú nílùú Èkó ni mo ti ń tẹ̀wé. Kò sí irú ìwé tí ọwọ́ mi ò tíì tẹ̀: káàdì ìgbéyàwó, àlímánáákì, títí dórí lẹ́tà-ẹ́ẹ̀dì fún àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Kí n lọ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ni kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Nígbà tí mo gbọ́ pé iléèwé ìjọba àpapọ̀ kan ń wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ fáìlì, káàdì ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ fún ara mi. Mo ní iléèwé Federal, atẹ̀wé Federal ló yẹ wọ́n. Mo fi “Federal” ṣíwájú orúkọ ṣọ́ọ̀bù, mo fi “Nigeria Limited” kádìí rẹ̀, mo wá kọ “Managing Director/CEO” sísàlẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ wúrà. Mo tẹ lẹ́tà-ẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àtàwọn ọmọ Sunday School ló gba káàdì.

Akápò iléèwé náà yí káàdì síwá sẹ́yìn.

“Bàbá, káàdì yín mà rẹwà o. Ìwé CAC yín ńkọ́?”

Mo ní ó wà nílé. Ó ní kí n mú un wá, pẹ̀lú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, ti PenCom fún owó ìfẹ̀yìntì, ti ITF fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, àti ti NSITF fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Láti 2007 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ìfẹ̀yìntì ta ni? Ọmọ iṣẹ́ méjì ni mo ní, ọ̀kan ń sùn lórí bébà látàárọ̀.

Mo gba káfé lọ láti forúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe é lórí ìkànnì CAC kò gba “Federal”, ó ní òfin kọ́ńpìnnì CAMA ti 2020 ní kí èèyàn gbàṣẹ kó tó lò ó. Mo ní kó fi “National” sí i. Ó wò mí títí.

“Dádì, ọ̀kan náà ni.”

“Limited” pàápàá, ti kọ́ńpìnnì ni. Orúkọ òwò lásán lowó mi ká, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN. Orúkọ ìyá mi la fi wọlé níkẹyìn. Ìyá alákàrà àdúgbò ló kó lẹ́tà-ẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo ra àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan, òróró ti rin “Federal” gbingbin.

Kí ìwé mi tó jáde, wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ìwé rẹ̀ pé, àmọ́ kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan. Ó wá atẹ̀wé dé Ṣómólú, ṣọ́ọ̀bù mi ló yà sí. Èmi ni mo tẹ gbogbo fáìlì náà. Ó ná mi títí èrè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí ẹ̀, mo sì tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbàgbé mi bí òmíì bá tún bọ́ sí i lọ́wọ́.