Ẹ̀tẹ̀ Wà Lẹ́yìnkùlé

Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò bá ayé kọ̀ǹpútà pàdé, àmọ́ àfi bí ẹni pé wọ́n ti rí ọmọ Èkó tó kó sítúdíò wọ yàrá tó ń sùn.

Ẹ wá wò ó ní Agége, níbi tí Pen Cinema kò ti jìnnà sí ojú irin. Pùròdúsà wa ti ra máíkì tuntun, irú èyí tó lè gbọ́ èémí eèrà. Ó kọrin, ó tẹ́tí sí ohun tó gbà sílẹ̀, ló bá gbọ́ “fììì” lábẹ́ ohùn ara rẹ̀. Fáànù inú kọ̀ǹpútà ni. Iṣẹ́ ń mú kọ̀ǹpútà gbóná, ooru sì ń mú fáànù sáré. Ó dájọ́ lójú ẹsẹ̀: kọ̀ǹpútà di èrò yàrá kejì.

Ta ni yóò wá máa bá a tẹ bọ́tìnnì? Fóònù ni! App Logic Remote wà fún ẹni tó ní iPad, Reaper tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ ní ojú-ewé tí fóònù lè ṣí, TeamViewer náà kò gbẹ́yìn. Ó di Computer Village n’Ìkẹjà. Ó ra router, ó tún ra ẹ̀rọ tí yóò bá Wi-Fi la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá. Ó délé, iná ti lọ.

Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour. Gbà-gbà-gbà-gbà-gbà!

Gbogbo ohun tó rà kí yàrá lè dákẹ́ ló ń jẹ iná, ẹ̀rọ tó ń pariwo jù ládùúgbò ló sì ń bọ́ wọn. Bó bá pa tirẹ̀, ti aládùúgbò ń lọ. Orúkọ ẹ̀rọ yẹn kò ṣàdédé jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí àdúgbò bá tiẹ̀ dákẹ́, bàálù ń balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 2024 ń fọn fèrè, oníbúrẹ́dì sì ń polówó lójú fèrèsé. Síbẹ̀, fáànù nìkan ni pùròdúsà wa rí lé jáde.

Mi ò sọ pé ọgbọ́n náà burú o. Ó ti pẹ́ tí akọrin àti ẹ̀rọ ti ń gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, ní sítúdíò ARC n’Ìkẹjà níbí nígbà kan rí. Nígbà tí Paul McCartney wá sí Èkó ní 1973 láti gba àwo Band on the Run sílẹ̀, sítúdíò EMI ní Àpápá ló ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ó gba orin kan sílẹ̀ ní ARC n’Ìkẹjà, Baker fúnra rẹ̀ sì gbọn agolo òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Láyé ìgbà náà, ènìyàn ni rìmóòtù. Akọrin á mi orí, ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ á tẹ bọ́tìnnì. Ó ń jẹ ìrẹsì, àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kì í lọ.

Lóòótọ́, fóònù kì í béèrè owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sún mọ́ wáyà máíkì, ó lè máa ṣe “dìdìdì-dìdìdì”. Ibi tí orin bá sì ti dùn jù ni màmá yóò ti pè láti Ìjẹ̀bú.

Ẹ jẹ́ kí wáyà la ògiri dípò Wi-Fi. Wáyà USB 2.0 kì í kọjá mítà 5, àmọ́ wáyà máíkì XLR lè rìn tó mítà 30 láìṣe ohùn ní nǹkan kan. Ẹ lu ihò sára ògiri, ẹ fa wáyà gba ibẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ rọra rìn wá síbi máíkì, ẹ kọrin, ẹ padà lọ pa á, kí ẹ gé ibi tó dákẹ́ níwájú dànù. Kì í ṣe téèpù mọ́, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kí owó router wá di owó bátìrì inverter, kí jẹnẹrétọ̀ lè sinmi.

Mo sọ gbogbo èyí fún pùròdúsà kan ní Ọgbà. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ló bá béèrè bóyá inverter náà ní app tí òun lè fi máa tàn án látorí bẹ́ẹ̀dì.