A Sanwó Ìtanràn Lórí Yorùbá Nílé, A Tún Ń Sanwó Kọ́ Ọ Lókè Òkun

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń náwó sórí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi òde àríyá sílẹ̀ ná, ẹ wá wo ọ̀rọ̀ èdè. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni nílẹ̀ Yorùbá, títí dé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ tó bá gbàgbé ara rẹ̀, tó fi Yorùbá tọrọ bírò lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ti dẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. Fanákúlà ló sọ. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á san owó ìtanràn, òbí rẹ̀ á sì gbà pé ilé ìwé tó dáa ni òun mú ọmọ lọ. Ká ní ìlú èrò ni, à bá ní kò burú. Ọ̀yọ́ rèé o, tó jẹ́ pé orí ẹ̀ka èdè rẹ̀ ni wọ́n gbé Yorùbá inú ìwé lé. Ọ̀yọ́ tí gbogbo ayé ń jí ṣe bí i tirẹ̀, òun náà ti wá ń jí ṣe bí ẹlòmíràn. Ọmọ yẹn á dàgbà, á gba físà, á dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Houston, á bímọ. Tó bá di Sátidé, á tún máa sanwó fún olùkọ́ kan tó jókòó sí Ìbàdàn, kó máa kọ́ ọmọ òun ní Yorùbá lórí Zoom. Ọmọ á tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ìyá á sá pamọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà, á máa ta á létí wúyẹ́wúyẹ́, títí ọmọ á fi pe "Ẹ káàsán, sà" tòun ti àmì ohùn tó ti dojú dé pátá. Olùkọ́ á pàtẹ́wọ́. Owó àkọ́kọ́, kí Yorùbá lè kúrò lẹ́nu ni; owó kejì, kó lè padà síbẹ̀ ni.

Ẹni tó bá rí èyí lè sọ pé èdè àjèjì ló jí tiwa gbé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè àjèjì lérè, ó ṣeé kọ́, àwọn bàbá àti ìyá wa sì kọ́ ọ láìpàdánù èyí tí wọ́n bí wọn bá. Ohun tó kó bá wa ni pé a ti sọ ọ́ di oyè. Irinṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe láyé ìjelòó: ẹni tó bá nílò rẹ̀ á mú un, á fi ṣiṣẹ́, á gbé e kalẹ̀. Oyè yàtọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, ojú á máa tì í bí wọ́n bá rántí ohun tó ń ṣe kó tó dé ipò náà. Gbogbo èrè tó wà nínú kíkọ́ èdè, ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ṣe irinṣẹ́ ló wà. Ó kéré tán, ìdajì ìnira rẹ̀, àwa tí a fi ṣe oyè la dá a sílẹ̀ fúnra wa.

Ẹ wo àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́. Tipẹ́tipẹ́ kí òmìnira tó dé ni wọ́n ti ń gbẹ́rù lọ sí apá òkè Gold Coast, tó di Gáná lónìí, tí wọ́n ń tajà ní Tamale, ní Yendi, àti láwọn ọjà kéékèèké tó yí wọn ká. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí èdè lẹ́nu ibodè. Hausa ni èdè ọjà, Dagbani ni ti onílé tó fẹ́ raṣọ, ẹni tó bá sì sọ̀ kalẹ̀ síhà gúúsù á fi Twi kún un. Ẹni tí kò bá gbọ́ iye tí oníbàárà dá lé ọjà kò ní pẹ́ jẹ gbèsè, kò sì sí olùkọ́ tó le tó gbèsè. Bí ìyá aláṣọ bá na aṣọ sílẹ̀, tó ń fi Dagbani búra pé òun kò jèrè kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, tó bá yíjú padà, Yorùbá ló máa fi sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó fi kọ́bọ̀ kankan sílẹ̀ níbẹ̀, kó rí i. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀, Yorùbá ni orin, Yorùbá ni ìwàásù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gáná pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ògìdìgbó èèyàn ló padà wálé, ọ̀pọ̀ wọn pàdánù ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pàdánù ilé, wọ́n pàdánù gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìran tó rìnrìn àjò náà kò wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní Yorùbá nígbà tí wọ́n délé. Kò kúrò lẹ́nu wọn rí.

Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn, pé orí ọmọ kékeré kò lè gba èdè mẹ́ta kó má dàrú, ẹ jẹ́ ká pe Samuel Ládòkè Akíntọ́lá wá jẹ́rìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, wọ́n bí i ní 1910, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ oníṣòwò kó ìdílé lọ sí Minna, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì ti gbọ́ Hausa àti Tápà. Ó padà wálé, ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó di olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service, ó sì lọ kọ́ ìmọ̀ òfin nílùú ọba. Èdè mẹ́rin! Bí èdè àjèjì bá ń jẹ Yorùbá lẹ́nu èèyàn lóòótọ́, ó yẹ kí Akíntọ́lá máa kólòlò. Òun náà ló dá ìwé ìròyìn Ìròyìn Yorùbá sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà sì ni àwọn alátakò rẹ̀ bẹ̀rù ju ìbò rẹ̀ lọ. Títí dòní, ẹni tí kò fara mọ́ òṣèlú rẹ̀ rárá ṣì ń rẹ́rìn-ín àwàdà tó ṣe lórí pèpéle ìpolongo. Ẹni tó ti gbọ́ bí àwọn mìíràn ṣe ń dá àpárá ni yóò mọ ibi tí tiwa mú sí.

Èrè àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ju owó lọ. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, kò tiẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn àjò náà: ogun ló kó o ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, wọ́n sì gbé e sọ̀ sí Sàró. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà nílé ìwé, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi í ṣe mọ́nítọ̀, wọ́n ń san pẹ́nì méje ààbọ̀ fún un lóṣù. Bí èdè àjèjì ṣe mú owó wọlé kíákíá nìyẹn. Àmọ́ ohun tó fi ìmọ̀ náà ṣe nígbẹ̀yìn ló yẹ ká wò: Yorùbá ló fi kọ. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tó parí ní 1884. D. O. Fágúnwà náà, St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, ló ti kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí ní 1938, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Òyìnbó pàápàá ṣe é. Thomas Jefferson Bowen wá láti Georgia, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ó ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn onílé, Smithsonian ní Washington sì tẹ ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858. Ẹ kíyè sí i pé Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní kó lọ ṣe ìdánwò kó tó wọ̀lú.

Ìnira ń kọ́? Ó wà, kò sì kéré. Ẹni tí wọ́n bí sí orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ìjọba, tó san ìtanràn nítorí fanákúlà, tó gba A1 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC, tó bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílùú ọba, wọ́n lè ní kó lọ ṣe IELTS, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì péré ni èsì rẹ̀ wúlò fún. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àfi kó tún lọ jẹ́rìí pé òun kò tíì gbàgbé. Tó bá sì wá dé Glasgow, tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀, á rò pé wọ́n ti gbé òun gba orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá. Ti Jámánì tún yàtọ̀: ẹni tó fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ níbẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ yege ìdánwò Jámánì ti ìpele A1, àwọn nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo bàbá ẹni àádọ́ta ọdún, tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè wá parí ìjà nínú agbo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí òwe ẹnu rẹ̀, kó jókòó nínú kíláàsì ní Munich, kí tíṣà tí kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ máa pe orúkọ rẹ̀ gan-an, kó ní kó tún un sọ: tábìlì nìyí, àga nìyí. Kò sí òwe kankan nínú "tábìlì nìyí". Gírámà kọ́ ló ń dun bàbá. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣi ọ̀rọ̀ pè láìtijú ni yóò kọ́kọ́ máa bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ọmọdé ló ń mú ohùn, àgbà ló ń tètè lóye òfin èdè. Yorùbá tó wà lẹ́nu bàbá náà sì ń bá a ṣiṣẹ́ láìgbowó. Jámánì àti Faransé ní bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe àgbà àti àjèjì, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní. Ẹni tó ti mọ ìgbà tí a ń sọ "ẹ" àti ìgbà tí a ń sọ "o" kò nílò àlàyé gígùn. Ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó jókòó tì í ni yóò máa họ orí.

Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń fúnni lóúnjẹ, Yorùbá kì í gbéni gun bàálù. Òótọ́ ni, èmi tí mo ń gbé lókè òkun kò sì gbọdọ̀ jiyàn rẹ̀. Ohun tí mo ń jiyàn ni pé ìtanràn ló ń mú Gẹ̀ẹ́sì dáa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní lílo èdè abínibí ló ń já àwọn ọmọ kulẹ̀ nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ka ọdún lọ́wọ́. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà 2022 tó dé. Báwo ni ìlànà tí kò bá a nílé ṣe já a kulẹ̀? Bí wọ́n bá ní ìlànà àtijọ́ ti 1977 náà ti fẹ́ èdè abínibí fún kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, ìbéèrè kan ló kù: ilé ìwé wo tó ń gba ìtanràn fanákúlà ló tẹ̀ lé e?

Àtakò tó gbóná jù ni ti ẹni tó ní èdè ọjà kì í ṣe èdè ìwé, pé ẹni tó fi Dagbani ta aṣọ kò lè fi ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo gbà. Èdè ìwé gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó gba kíkà, ó gba olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ya ilé kéwú kan ní Ọ̀yọ́. Ọmọ gbé wàláà lé itan, ó ń fi tàdáà kọ Lárúbáwá tí yóò kọ́ sórí. Yorùbá ni àfáà fi ń ṣàlàyé fún un, Yorùbá náà ló sì fi ń bá a wí. Irú ibẹ̀ ni àwọn tó ń ka ìwé Lárúbáwá ńlá ńlá lónìí ti bẹ̀rẹ̀, a kò sì gbọ́ pé àfáà gba ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó fi Yorùbá béèrè ìtumọ̀. Iṣẹ́ náà le tó bẹ́ẹ̀ láìfi ìtìjú kún un. Ní ti àwọn tó ní fóònù ti ń túmọ̀ èdè, kí la tún ń da ara wa láàmú fún, lóòótọ́ Yorùbá ti wà lórí Google Translate láti 2013. Ẹ gbé e lọ sí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ kẹ́ ẹ fi ná iṣu. Kó tó túmọ̀ iye tí ẹ dá lé e tán, ìyá oníṣu ti gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìjọba Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ wa ń tò sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀, ti sanwó kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá jókòó ní Yunifásítì Ìbàdàn kọ́ Yorùbá lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Flagship. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n fi Yorùbá kún un ni. Bí òbí ní Ọ̀yọ́ bá fẹ́ kí ọmọ mọ Gẹ̀ẹ́sì, kó wá tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́, kó ra ìwé, kó jẹ́ kí Yorùbá máa ṣàlàyé ibi tó bá ta kókó. Bí òbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá fẹ́ kí ọmọ gbọ́ Yorùbá, kó fi Yorùbá rán an níṣẹ́, kó fi bá a jà, kó fi dá a lóhùn nígbà tó bá ń tọrọ owó. Ọmọ tí owó bá wà lẹ́nu èdè kan fún kì í pẹ́ gbọ́ ọ, àwọn oníṣòwò Yendi ti fi hàn wá. Bí ilé ìwé bá sì ní dandan ni kí òun gba ìtanràn, kó má gbà á lọ́wọ́ ọmọ tó sọ Yorùbá. Kó dúró de ọjọ́ tí ọmọ yóò jáde, kó gbà á lórí ẹni tó wọlé tòun ti èdè méjì, tí wọ́n sì dá a padà sílé pẹ̀lú ẹyọ kan. Àwọn olùkọ́ náà ni kó sì san án.