Bí Mo Ṣe Jí Ooru Ìyá Ìyàwó Mi

Nínú gbogbo ìwà tí ènìyàn lè hù tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò fi máa fi í ṣe ẹlẹ́yà títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, n kò mọ èyí tí ó burú tó kí ènìyàn ya ahun tán, kí ó sì tún jẹ́ òpè lórí ohun tí ó ń ṣahun sí. Nítorí ahun tí ó gbọ́n, owó ni yóò kó jọ, ṣùgbọ́n ahun tí ó jẹ́ òpè, owó rẹ̀ yóò lọ, òun fúnra rẹ̀ yóò sì tún di ẹni ẹ̀tẹ́ lójú àna. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, ahun kejì ni mí. Mo ra ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, mo rò pé owó iná ni mò ń dín kù, àṣé ooru yàrá ìyá tí ó bí ìyàwó mi ni mò ń jí kó lóru, tí mo fi ń wẹ̀ ní àárọ̀.

Ìpínlẹ̀ Maryland ni à ń gbé, ní ẹ̀gbẹ́ Washington tí í ṣe olú-ìlú Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù oṣù Jánúárì ti lè sọ omi inú garawa di òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bá ń gbé irú ibẹ̀ mọ̀ pé omi gbígbóná kì í ṣe ọ̀ràn fáàrí, àti pé lẹ́yìn owó tí a fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, tí a sì fi ń mú un tutù nígbà ooru, owó omi gbígbóná ni ó sábà máa ń pọ̀ jù nínú owó iná. Hítà àtijọ́ tí a bá nínú ilé wa, irin méjì ni ó wà nínú rẹ̀ tí iná mọ̀nàmọ́ná ń mú pọ́n, tí àwọn náà sì ń mú omi gbóná, nígbàkúùgbà tí bíìlì bá sì dé, n óò lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìwẹ̀, n óò máa lu ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ mi pé, “Ó tó, ó tó! Ṣé ẹja ni yín ni, tí ẹ kò lè kúrò nínú omi?”

Ibi tí mo ti ń bá ilẹ̀kùn jà báyìí ni mo gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan ní ọdún 2022, pé láti ọdún 2023, ẹni tí ó bá ra irú hítà tuntun kan tí wọ́n ń pè ní heat pump, tí ó sì kún ojú ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, yóò rí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ná lé e lórí yọ kúrò nínú owó orí rẹ̀, bí kò bá ṣáà ti ju 2,000 dọ́là lọ. Ẹ̀yin ará, etí ahun kì í di sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n tó sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ti mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, tàbí kí n sọ pé mo mọ ìdajì rẹ̀, ìdajì tí ó kù ni ó sì dójú tì mí.

Hítà yìí kì í dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Aláàárù ni. Bí aláàárù kì í ti í gbin iṣu tí ó rù, tí ó jẹ́ pé ń ṣe ni ó gbé e láti ìsọ̀ kan lọ sí ìsọ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe ń gbé ooru tí ó ti wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá, tí ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ sínú táńkì omi. Fáànù orí rẹ̀ ni yóò fa afẹ́fẹ́ wọlé. Gáàsì inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò gba ooru ibẹ̀. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ yóò fún gáàsì náà pọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná janjan. Gáàsì gbígbóná yìí yóò yí táńkì ká, yóò gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún omi, yóò sì padà lọ mú òmíràn. Iṣẹ́ tí fíríìjì ń ṣe náà ni, àfi pé fíríìjì ń da ooru tí ó kó nù sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, èyí sì ń kó tirẹ̀ pamọ́ fún wa. Owó aláàárù nìkan ni à ń san, a kì í san owó iṣu. Láti mú omi tí ó kún táńkì oní-50 gálọ́ọ̀nù kúrò ní ìwọ̀n 60 dé ìwọ̀n 120 ti Fahrenheit, hítà àtijọ́ yóò jẹ iná tí ó lé ní kílówáàtì-wákàtí 7. Aláàárù yìí, bí ó bá rí ibi tí ó dára dúró sí, lè fi nǹkan bí 2 àbọ̀ ṣe é.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni n kò bi ara mi: ìsọ̀ ta ni aláàárù yìí yóò ti máa gbé iṣu?

Dípò kí n bi ara mi ní ìbéèrè yìí, ń ṣe ni mo di ọ̀jọ̀gbọ́n òjijì. Bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, n óò na ìka sókè, n óò máa sọ fún àwọn ènìyàn pé William Thomson, ẹni tí a wá mọ̀ sí Lord Kelvin, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1852 pé irú ẹ̀rọ báyìí lè mú ilé gbóná, èyíinì ni ọdún kan péré lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Dahomey wá kọlu Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ náà, púlọ́ńbà tí mo pè pé kí ó wá bá mi gbé e kalẹ̀ dá owó iṣẹ́ lé mi, mo ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà. N kò mọ̀ pé owó oníṣẹ́ pàápàá wà nínú ohun tí òfin náà fún wa ní ìdá 30 lé lórí. Owó tí ìjọba ìbá bá mi san nínú rẹ̀ ni mo sá fún.

Àbúrò kan tí ó ti tún fíríìjì ṣe rí ní Mushin ni mo bẹ̀ pé kí ó bá mi gbé ẹ̀rọ náà wá sílé. A dá ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀ nítorí pé kò lè dúró ṣánṣán níbẹ̀, bí a sì ti gbé e nàró nínú ilé ni mo ní kí a tàn án. Àbúrò di ọwọ́ mi mú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó sinmi títí di ọ̀la. Epo inú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ti ṣàn lọ síbi tí kò yẹ, ẹ jẹ́ kó padà sílé ná.” Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé ìtajà ni tí ó fi ń wá ìsinmi, mo sì tàn án. Ó fi ohùn kan ké tí ó mú kí àbúrò náà ṣí fìlà. Orí ni ó yọ mí tí ẹ̀rọ náà kò fi kú lọ́jọ́ náà.

Ìwé ìlò tí ó bá ẹ̀rọ wá nípọn dáadáa. Mo fi í ti ẹsẹ̀ tábìlì kan tí ó ń mì. Inú ìwé yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé aláàárù yìí nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀, nǹkan bí èyí tí ó kún yàrá tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Èmi gbé e sínú kọ́lọ́fín abẹ́ àtẹ̀gùn ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí a ń kó bàtà sí, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ariwo fáànù. Kí ni aláàárù yóò gbé ní ìsọ̀ tí kò sí iṣu? Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ tutù tán, ẹ̀rọ ń ké láti àárọ̀ di alẹ́, omi kò sì ju lílọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ lọ. Nígbà tí ọgbọ́n mi dé, mo yọ ilẹ̀kùn kọ́lọ́fín kúrò pátápátá. Yàrá àlejò ni kọ́lọ́fín náà sì kọjú sí.

Àsìkò yìí gan-an ni ìyá ìyàwó mi gúnlẹ̀ láti Ìbàdàn, nítorí ìyàwó mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí àbígbẹ̀yìn wa, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ ti délẹ̀ ni Ìyá gba ilé ìwẹ̀. Àwọn ìyá wa kì í fi omi ṣeré níbi ìtọ́jú ọlọ́mọ: òwúrọ̀ ni yóò wẹ ọmọ, tí yóò fa apá rẹ̀, tí yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná tẹ ìyá ọmọ ní ikùn, ìrọ̀lẹ́ ni yóò tún un ṣe. Bí omi gbígbóná inú táńkì bá ti tán, aláàárù yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé kì í yára, yóò sì ṣe é wọ òru. Ìyá ń fi ooru yàrá ara rẹ̀ wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀, òun kò sì mọ̀. Nǹkan tí ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ ìmúlégbóná pé òtútù ti dé sì wà lókè, níbi tí ara ti tù wá, nítorí náà kò gbọ́ igbe ìsàlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo lọ kí i. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ojú sókè, mo rí Ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì: bùbá méjì, súwẹ́tà mi kan lórí wọn, ìborùn yí ọrùn ká, fìlà onírun ti ọmọkùnrin mi sì wà lórí gèlè.

“Àkàndé, ọkọ ọmọ mi,” ni Ìyá wí, “ẹ kú ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi ohun tí ó wà nínú kọ́lọ́fín yìí léèrè ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti sùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí, á sì máa fẹ́ ọyẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀.”

“Màmá, sáyẹ́ǹsì ni,” ni mo fi dá a lóhùn. Kí Ọlọ́run má ṣe ka ìdáhùn yìí sí mi lọ́rùn.

Afẹ́fẹ́ tí a bá mú tutù a máa sẹ omi, omi yìí sì nílò ojú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà tí mo là fún un ni garawa kan tí n óò máa dà nù. Mo gbàgbé rẹ̀. Omi kún garawa, ó ṣàn wọ yàrá Ìyá, ó sì wọ inú àpò èlùbọ́ tí ó ru wá láti Ìbàdàn fún wa. Èlùbọ́ tí kò fojú kan ìkòkò, tí kò gbọ́ ìró orógùn, ló dì gbàgì nínú àpò bí ẹni pé ó ń wá ọbẹ̀. Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ó wo àpò, ó wo kọ́lọ́fín, ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù.

Lẹ́yìn èyí ni ó rò ó pé bóyá òtútù ni ó ń mú ẹ̀rọ náà tí ó fi ń mí tó bẹ́ẹ̀. “Ṣé ohun tí a bá fẹ́ kó gbóná, a kì í bò ó ni?” Ní alẹ́ tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, tí àlejò ti kún ilé, Ìyá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé orí ẹ̀rọ láti òkè délẹ̀, ó sì fi ọ̀já dì í bí ẹni pọn ọmọ. Imú aláàárù dí. Ní òwúrọ̀, láti inú yàrá ìwẹ̀, a gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ń pe gbogbo àwọn baba ńlá wa lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi tútù sì ń dà sí i lórí.

Mo sáré tú ọ̀já, mo sì tẹ bọ́tìnì tí ó sọ pé kí ẹ̀rọ dẹ́kun àárù, kí ó máa fi irin gbígbóná ṣe é bíi ti àtijọ́. Omi gbóná kíákíá, wọ́n yìn mí, mo jó, mo sì gbàgbé bọ́tìnì. Nígbà tí bíìlì dé, ìyàwó mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí ẹni ń gbé oyè fún ọba. “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wo èrè wa.” Owó iná náà ju ti ayé hítà àtijọ́ lọ. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Èmi kò tilẹ̀ dúró ní ìpè, mo wọ̀yá ìjà pẹ̀lú rẹ̀.

Púlọ́ńbà tí mo lé ni mo tún lọ bẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí yàrá gbígbòòrò tí ẹ̀rọ ìmúlégbóná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, níbi tí ooru tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ti ń ṣòfò. Ó fa páìpù omi lọ sí ihò ìdaminù ilẹ̀. Ó dá bọ́tìnì padà sí ti aláàárù. Ó sì fi asẹ́ tí ń gba eruku hàn mí, pé kí n máa fọ̀ ọ́. Ìyá sun oorun àsùnhanrun lóru ọjọ́ náà. Nígbà ooru, tí ìsàlẹ̀ ilé wa máa ń rin, ẹ̀rọ náà mú un gbẹ láìgba owó kún un. Bíìlì wálẹ̀, kì í ṣe bí mo ti fọ́nnu tó ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé nígbà òtútù, ara ooru tí a ti fi owó rà fún ilé náà ni ó ń bù mu. Ṣùgbọ́n ó wálẹ̀ débi pé n kì í lu ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtirà á, ẹ fetí sí mi. Ẹ̀bùn ìjọba àpapọ̀ yẹn ti parí ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, nítorí náà owó ara yín ni ẹ óò ná. Ẹ̀rọ náà dára, kò purọ́ fún mi, èmi ni n kò bi í léèrè. Kí ẹ tó san owó, ẹ bèèrè ibi tí yóò ti máa rí ooru kó, ibi tí omi rẹ̀ yóò máa dà sí, àti ẹni tí ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ka ìwé ìlò. Ẹ san owó púlọ́ńbà.