Dókítà Igi ti Kado

Ẹ má pè é ní agégi o. "Agégi lẹni tó ń wá igi ìdáná. Èmi, dókítà igi ni mí." Káàdì tó máa nà sí yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà le bí pátákó, oyè mẹ́rin lẹ ó sì kà lórí rẹ̀ kí ẹ tó kan orúkọ. Gbogbo àdúgbò olówó ní Àbújá ló ní irú rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ti Kado gbó ju tibi yòókù lọ. Ẹ óò bá a lórí àga oníke, lábẹ́ dóńgóyárò kan tí ẹ̀ka gbígbẹ rẹ̀ ti fẹ́ já lù ú lórí, tó ń rò fún ẹni tó bá dúró pé àwọn ọmọ àná ti ba ọjà jẹ́.

Àwọn ọmọ àná yẹn kò ṣòro dá mọ̀. Kẹ̀kẹ́ márúwá kan, ọmọkùnrin mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì ìgégi ti ṣáínà, okùn tí wọ́n ti fi so ewúrẹ́ rí. Wọn kì í ní káàdì. Wọ́n á kan géètì, wọ́n á wo máńgòrò tó fara ti òrùlé, wọ́n á ní, "Alájì, ẹ mú ₦20,000 wá." Kí Alájì tó sọ pé òun kò ní ju ₦10,000, ọ̀kan ti wà lórí igi. Àwọn tó tún dun Dókítà jù ni àwọn tí kì í gbowó rárá: igi yẹn gan-an ni owó wọn. Láti ìgbà tí gáàsì ti gbówó lórí, mẹ́línà tí wọ́n là sí wẹ́wẹ́ ti di ohun tí àwọn olóúnjẹ ń dúró dè. Ta ni yóò bá ẹni tó ń fi pàǹtírí ṣe owó iṣẹ́ du oníbàárà?

Dókítà ní ìdáhùn sí ìdí tí owó tirẹ̀ fi wọ́n. Epo ni. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó Dókítà náà sì bá a fò. Lítà mélòó ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu lórí igi kan? Kò ju méjì lọ. Èló ló fi kún owó iṣẹ́? ₦60,000. Ẹ má bi í. Á ní ojúlówó ọ́ìlì lòun ń dà sí ẹ̀wọ̀n ayùn, pé èyí tí wọ́n fà jáde lára mọ́tò làwọn ọmọ yẹn ń dà sí tiwọn.

Bí epo kò bá tó, á bọ́ sórí ìwé àṣẹ. Ní Àbújá, èèyàn kì í ṣàdédé gé igi etí títì. Ó ní ẹ̀ka ìjọba FCT tó ń mójú tó ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ti ń gba àṣẹ. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ìwé tirẹ̀ wà nínú fáìlì onírọ́bà, ṣùgbọ́n orí ìwé nìkan ló máa ń jẹ́ kí ẹ rí. Àtàǹpàkò rẹ̀ kì í kúrò lórí déètì.

Ká má purọ́ mọ́ ọn ṣá, ọ̀rọ̀ igi yé ọkùnrin yìí. Bí ẹ̀ka bá wúwo, abẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á fi ayùn jẹ abẹ́ ẹ̀ka náà díẹ̀, níbi tó fi jìnnà sí ara igi tó ọwọ́ dé ìgúnpá; á wá sún síwájú, á gé e láti òkè. Ẹ̀ka á já, èèpo kò ní tẹ̀ lé e. Kùkùté tó kù ló máa gé kẹ́yìn, kò sì ní fọwọ́ kan ibi tó wú níbi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi, torí ibẹ̀ ni igi ti ń pa ojú egbò rẹ̀ dé. Àwọn ọmọ àná ní tiwọn, òkè ni wọ́n ń bá bọ̀. Gígé kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀ka á fi ya, tí á bó èèpo wálẹ̀ lára igi. Wọ́n tún fẹ́ràn láti bẹ́ máńgòrò lórí. Inú Alájì á dùn pé ojú ilé òun ti mọ́lẹ̀. Ọ̀mùnú tó bá hù lójú ọgbẹ́ yẹn, ẹ̀yìn èèpo lásán ló rọ̀ mọ́. Á ga, á wúwo, títí ìjì òjò àkọ́rọ̀ ọdún kan á fi gbé e lé páànù. Ẹ ṣáà mọ iye tí páànù ń jẹ́ báyìí.

Ṣùgbọ́n Dókítà kì í gun igi mọ́. Ikùn rẹ̀ ti ju bẹ́líìtì ìgungi lọ. Méjì nínú àwọn ọmọ àná yẹn ló ń bá a gùn ún tẹ́lẹ̀. Á gba ₦120,000, á fún wọn ní ₦3,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, á fi àdúrà lé e. Ọjọ́ tí wọ́n jókòó ṣírò rẹ̀ ni wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnnì ṣáínà.

Báwo lòun náà ṣe wọ Kado? "El-Rufai ń wólé, èmi ń gégi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ nípa ọdún 2003 sí 2007, ìgbà tí El-Rufai fi jẹ́ mínísítà FCT. Bàbá kan ti ń gégi níbẹ̀ kó tó dé. Ìdajì owó bàbá yẹn ló ń gbà títí bàbá fi kó ẹrù rẹ̀. Akíkanjú ni ìyẹn ń jẹ́. Ọjà bíbàjẹ́ kò tíì dáyé nígbà náà.

Ẹ bá a dé ọjà ẹja Kado lọ́jọ́ Sátidé. Ó dúró ti ọpọ́n àrọ̀, ó ń nàka.

"Ìyá ẹlẹ́ja, ẹni tó wà lápá ibẹ̀ yẹn kò gbà tó báyìí o."

"Bàbá, èyí ń jà nínú omi. Tibẹ̀ ti kú láti àná."

"Ẹja ni gbogbo wọn ń jẹ́."

Láìpẹ́ yìí, fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ àná ni. Ẹ̀ka mẹ́línà ti fì sórí ògiri aládùúgbò, wáyà NEPA wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí òun fẹ́ fi ayùn sí. "Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ẹ gbà mí." Dókítà dé akoto, ó gbé ẹ̀wù tó ń dán wọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ pa iná ná. Lẹ́yìn náà ló dúró sílẹ̀ tó ń pariwo: "Abẹ́ ni kó o kọ́kọ́ gé! Abẹ́! Kí ni mo kọ́ ẹ?" Ẹ̀ka wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Onílé ka ₦25,000 fún ẹni tó gun igi, kò wo ẹ̀gbẹ́ Dókítà rárá. Ọmọ náà ló tẹrí ba tó fi ₦5,000 lé e lọ́wọ́: "Ẹ fi mu omi, sà." Dókítà ní kò tó. Ó kì í sínú àpò tí káàdì wà.

Kílẹ̀ tó ṣú, àwòrán igi náà ti wà lórí WhatsApp rẹ̀, òun àti akoto rẹ̀ níwájú. Ọmọ tó wà lórí igi ńkọ́? Ó ti gé e kúrò nínú fọ́tò. Gígé náà mọ́, kò bó èèpo kankan.