Ọ̀gbẹ́ni Mò-ń-ṣọ́ná

Kò sí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń kó ara wọn lọ sóko lásìkò ọyẹ́ tí kì í ní ọ̀kan nínú. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, á wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pé mẹ́jọ, ó lè jẹ́ méjì, àwọn méjèèjì á sì jọ máa du àga kan ṣoṣo tó kọjú síná. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní Mọ́lété ní Ìbàdàn lẹ ó ti dá a mọ̀. Òun ló de fìlà onírun bo etí. Òun ló wọ kóòtù tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Winnipeg ní Kánádà, níbi tí òtútù òru oṣù Ṣẹ́rẹ́ ti máa ń kọjá ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo. Ọ̀nà Akanran ló sì ń lọ, níbi tí ọyẹ́ tó bá le jù lọ kò lè sọ omi inú garawa di yìnyín. Kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀. Àáké kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ìpàgọ́ sóko yìí. Àwọn ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, láti Bódìjà, Challenge àti Òkè-Àdó, a dáwó jọ ra àgọ́ kánfáàsì. Wọn a ní kí wẹ́dà gé sílíńdà gáàsì àlòkù kan ṣe sítóòfù onígi fún àwọn, pẹ̀lú páìpù gígùn tí èéfín yóò gbà yọ lókè àgọ́. Lára àwọn òyìnbó tó ń sùn nínú yìnyín ni wọ́n ti kọ́ ọ lórí fóònù. Wọn a kọjá Amuloko, wọn a dé Akanran, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, wọn a sì yà sí abà tí bàbá àgbà ọ̀kan nínú wọn gbin kòkó sí. N kò bá àgọ́ jà. Ta ni yóò bá iná igi jà, àti iṣu sísun, àti ọ̀rẹ́ tó ti mọ̀ ọ́ kí o tó lówó? Ẹni tó jókòó ti iná yẹn ni ọ̀rọ̀ mi kàn.

"Mò ń ṣọ́ná." Gbólóhùn tó fi ń jẹun nìyẹn. Ẹ má pè é lọ́lẹ o. Ọ̀lẹ a máa tijú. Omi tán, wọ́n ní kí ó jẹ́ káwọn jọ lọ sódò: "Ẹ máa lọ, mò ń ṣọ́ná." Okùn àgọ́ tú, atẹ́gùn ń gbé kánfáàsì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀: "Ǹ bá wá o, iná yìí ni." Wọ́n pa adìyẹ, wọ́n ń wá ẹni tí yóò tu ìyẹ́ rẹ̀: "Ta ni ẹ wá fẹ́ kó ṣọ́ná?" Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kàn bá àwọn ru igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wọlé, igi tí iná náà gan-an yóò jẹ. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ná kì í ṣẹ́gi, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ó tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣáná. Ó ti gbé àga síwájú sítóòfù tó tutù nini, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń ṣọ́ iná tí kò tíì sí.

Ẹ wá wo igi ọwọ́ rẹ̀. Kí ó tó mọ ibi tí yóò sùn ló ti ṣa igi yẹn: tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, ó ti fi ọ̀bẹ ọlọ́bẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò. Bí ọba ti ń di ọ̀pá àṣẹ mú ló ṣe ń dì í mú. Ẹlòmíràn ló to iná: ó fi kùkù àgbàdo sísàlẹ̀, ó fi ẹ̀ka kòkó gbígbẹ lé e, ó wá gbé ìtì igi tó là sórí rẹ̀. Iná náà gbà, ó ń jó geere. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gbẹ́ni yóò ṣílẹ̀kùn sítóòfù. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó kàn fẹ́ wò ó. Á ti igi bọ inú rẹ̀, á tọ́ ọ lápá ọ̀tún, á tọ́ ọ lápá òsì, ìtì igi á yí ṣubú, iná á rẹ̀yìn, èéfín á rọ́ jáde kún inú àgọ́. Gbogbo ènìyàn á sáré síta, omijé á máa dà lójú wọn, wọn á máa wúkọ́. Òun náà á wúkọ́, á wá dá ẹ̀bi fún igi. "Igi tí ẹ ṣẹ́ wá yìí tutù jù." Ẹni tí kò bá wọn ṣẹ́gi ló mọ̀ pé igi tutù! Ẹnìkan á kúnlẹ̀, á fẹ́ná títí yóò fi gbà padà. Ọ̀gbẹ́ni á mi orí, á fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀: "Ẹ ò rí i báyìí? Sùúrù niná ń fẹ́."

Ohun tó wá ń ká mi lára ni pé iṣẹ́ gidi ni ìṣọ́ná. Ní Finland, àwọn ọmọ ogun a máa sùn nínú àgọ́ nígbà òtútù, pẹ̀lú sítóòfù onígi kan láàárín tí wọ́n ń pè ní kamiina. Ọ̀kan nínú wọn kì í sùn. Òun ni yóò máa fi igi sí i, tí yóò máa wò ó kí iná má ràn mọ́ àgọ́, títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé tí yóò jí ẹlòmíràn. Onítọ̀hún ń ṣọ́ná kí àwọn yòókù lè sùn. Ọ̀gbẹ́ni tiwa ń ṣọ́ná níwọ̀n ìgbà tí àwọn yòókù bá ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ìṣọ́ parí. Òun ló sún mọ́ sítóòfù jù, òun náà ló kọ́kọ́ ń hanrun.

Ibẹ̀ lẹ̀rín ti tán. Igi tó ń jó nínú àgọ́ tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀ a máa tú carbon monoxide sílẹ̀, gáàsì tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Ewu tòde kò kéré sí ti inú àgọ́. Ọyẹ́ tó ń bá àgbẹ̀ gbẹ kòkó tó sá náà ló ń gbẹ ewé tó wọ́ sábẹ́ igi kòkó, iná tó bá ta sí i kò ní béèrè oko ta ni. Ní 1983, lọ́dún tí ọ̀dá le, iná ìgbẹ́ jẹ oko kòkó rẹpẹtẹ ní Ghana. Kòkó tí a bá sì tún gbìn, ọdún bíi mẹ́ta sí márùn-ún ni kó tó so. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá ilẹ̀ àgọ́ pààlà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ èyí fún un. Ìdí nìyẹn tó fi ro ààlà oko rẹ̀ yíká, tó sì ń dìde lóru wá wo ibi tí àwọn ọmọ ìgboro dáná sí, tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bo ẹyin iná tí wọ́n dà síta. "Ẹ kú òru o, ẹ̀yin ọmọ mi." Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Láàárọ̀, ọ̀gbẹ́ni á nara, á yán, á ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ èmi lóru àná."

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ìwà rẹ̀ yòókù. Owó tirẹ̀, ọ̀la ló máa ń dá a. Ó mọ ibi tí itan adìyẹ wà nínú ìkòkò tí kò bá wọn gbé kaná. Ó ń ya fọ́tò àáké tí ẹlòmíràn gbé, ó ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ lòun. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ṣírò owó, á ní kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú tòun. Ṣebí òun ló ṣọ́ná.

Ilẹ̀ tó gbé àga lé ló jẹ́ kí n bínú jù. Àgbègbè Akanran yìí ni Tafa Adeoye ti ṣáájú àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, tí wọ́n kọ owó-orí fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọ̀gágun Adeyinka Adebayo. Ẹjọ́ wọn kò lọ́jú pọ̀: owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó kéré, owó-orí pọ̀, agbowó-orí ń jálẹ̀kùn wọlé, ọ̀nà oko sì ti bàjẹ́. Àwọn ń ṣẹ́gi, àwọn kan jókòó ní Ìbàdàn ń yáná. Ní oṣù kẹsàn-án 1969 wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó-orí kù. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló wá ń gbé àga wá sórí ilẹ̀ kan náà, kí wọ́n lè rí ibi jókòó ṣe ohun tí bàbá àgbà wọn fi àdá kọ̀.

Ẹ má sì rò pé oko nìkan la ti ń rí i. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ìkórè tí kò gbé bẹ́ǹṣì kan rí. Òun ni káńsẹ́lọ̀ tó ń mójú tó títì tó ń bàjẹ́ lójú rẹ̀. Òun ni àgbà ẹbí tó ń darí ìsìnkú láti abẹ́ kánópì. Gbogbo wọn ló ń ṣọ́ nǹkan. Aṣọ́ná kún orílẹ̀-èdè yìí, òtútù sì ń pa wá.

Wọ́n ti ń ṣètò ti ọdún yìí lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí oníkálukú kọ ohun tí yóò mú wá. Ẹnìkan kọ ìrẹsì, ẹnìkan kọ epo àti ata, ẹnìkan kọ àáké méjì. Ọ̀gbẹ́ni kọ tirẹ̀: "Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀ fún mi." Gbogbo àwọn yòókù ló tẹ àtàǹpàkò sí i lábẹ́. Òun, mo ti bá a wí tán. Àwọn tó tẹ àtàǹpàkò yẹn ni ìyà tọ́ sí jù.