Eérú Tí Kì Í Tọ Ẹni Tó Dà Á

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, Elliott Abrams jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní Washington. Ààrẹ Trump ti fi í ṣe aṣojú pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ Venezuela. Aṣòfin Ilhan Omar wá rán an létí pé ní 1991, ó gbà nílé ẹjọ́ pé òun fi ọ̀rọ̀ Iran-Contra, ìyẹn ohun ìjà tí ìjọba tà fún Iran ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fowó rẹ̀ ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ Contra ní Nicaragua lọ́wọ́, pamọ́ fún ilé aṣòfin. (Bush bàbá ti dárí jì í ní 1992.) Kí ló dé tá a fi máa gbà ọ́ gbọ́ lónìí? Bàbá fẹ́ fèsì, obìnrin náà ní ìbéèrè kọ́ nìyẹn. Inú bí bàbá: ó ní kò tọ́ kí wọ́n máa bú ẹlẹ́rìí tí wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, làwọn àgbà wí. Àwọn àgbà ò dé Washington ni. Àwọn tó ń da eérú níbẹ̀ lẹ́gbẹ́, wọ́n sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Ẹgbẹ́ ọ̀hún dùn ún wò: àwọn Republican tó gbà pé agbára nìkan ni èdè táyé ń gbọ́. Bí wọn ò bá sí nípò, wọ́n á forí pamọ́ sílé ìwádìí bíi American Enterprise Institute, wọ́n á máa kọ lẹ́tà. Ní oṣù Kìíní 1998, àwọn 18 fọwọ́ sí ọ̀kan, lórúkọ Project for the New American Century, pé kí Ààrẹ Clinton yọ Saddam Hussein, olórí Ìráàkì, nípò. Rumsfeld wà ńbẹ̀, Wolfowitz, Bolton, Abrams náà. Bush ọmọ dé, àwọn akọ̀wé lẹ́tà dọ̀gá. Ní 2003 wọ́n wọ Ìráàkì, wọ́n ń wá ohun ìjà olóró tí kò sí ńbẹ̀. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní 4,000 kú. Àwọn ará Ìráàkì tó kú ò lóǹkà, àwọn ò sì kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni!

Ìyà wo ló wá jẹ àwọn ọlọ́gbọ́n wa? Ní 2005, Wolfowitz di ààrẹ Báǹkì Àgbáyé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó oṣù obìnrin tó ń fẹ́ lé e kúrò ńbẹ̀ ní 2007, ilé ìwádìí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bolton ti sọ ní 1994 pé bí àjà mẹ́wàá bá kúrò lórí ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kò ní dí nǹkan kan lọ́wọ́. Òun náà ni wọ́n rán lọ ṣe aṣojú níbẹ̀.

Colin Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Bush ọmọ, tí kò fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn, leérú bà lójú. Òun ni wọ́n ní kó lọ ro ẹjọ́ ogun náà níwájú gbogbo ayé, lọ́jọ́ 5 oṣù Kejì 2003. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àbààwọ́n ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn jẹ́ fóun.

Abrams ńkọ́? Ní 2023, Ààrẹ Biden, Democrat paraku, fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Amẹ́ríkà ń ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa fáwọn ará òkèèrè.