Ilé Fóòmù Lójú Ogun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbà ọkùnrin tó ti lọ́mọ, tó ti yá owó kọ́lé, ṣì máa ń jagun lórí tábìlì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. H. G. Wells, òǹkọ̀wé ńlá nì, kọ ìwé òfin irú eré bẹ́ẹ̀, Little Wars, ní 1913. Ìlú Nottingham sì ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Warhammer, ọ̀kan lára irú eré náà, fìdí kalẹ̀ sí.

Àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣeré náà kò níṣòro. Ilé tí wọ́n ń gbé sí ojú ogun orí tábìlì náà ni wàhálà. Fóòmù ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, kì í ṣe ti ibùsùn o, èyí tó le, tí wọ́n fi ń dènà òtútù lára ògiri ni. Ọ̀bẹ ń gé e bíi búrẹ́dì, bírò lásán sì tó láti fi fa ìlà bíríkì sí i lára. Ṣùgbọ́n èékánná ọmọdé tó láti wó odi ọba. Ẹni tó bá sì kánjú, tó fín ọ̀dà agolo sí i ní tààrà, kẹ́míkà inú ọ̀dà náà á jẹ fóòmù: ìlú á ti yọ́ kí ọ̀tá tó dé.

Àwọn tó mọṣẹ́ a máa po gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà mọ́ ọ̀dà dúdú olómi, wọ́n á kùn ún léraléra, títí dé kọ̀rọ̀ fèrèsé. Wọ́n á wá lẹ ilé náà mọ́ pákó pẹlẹbẹ kí ìdí rẹ̀ má baà ya.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọmọ ogun tó lè wó o. Ológbò nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tilẹ̀kùn.